Ìwé ìpàdánù: bí a ṣe tún ọ̀nà tá a fi ń lọ pitch tò

Ẹni mẹ́rin la jẹ́ nínú tíìmù wa: dìsáínà kan, ẹni tó ń kọ̀wé, ẹni tó ń ya fídíò tó tún ń gé e, àti èmi tí mò ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ tí mo tún ń ṣírò owó. Ìpolówó, lógò, wẹ́ẹ̀bùsáìtì, fídíò kéékèèké, irú iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan á pe èèyàn bíi mélòó kan pé kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n lè ṣe, tí kálukú á lọ dúró níwájú wọn ṣàlàyé, tí wọ́n á wá mú ẹnì kan, là ń ṣe. Dídúró ṣàlàyé yẹn là ń pè ní pitch. Ìpàdánù yẹn gan-an ò kì í ṣe wàhálà o, torí tí wọ́n bá pe ilé iṣẹ́ márùn-ún, mẹ́rin ló máa padà lọ́wọ́ òfo, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tá a bá ti pàdánù, ìdí méjì kan náà la máa ń mú wá: "owó wa ti pọ̀ jù" àbí "wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé e fún tẹ́lẹ̀". Méjèèjì dùn-ún gbọ́ létí, torí kò sí èyí tó kan iṣẹ́ ọwọ́ wa níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bá a ṣe ṣe ìwé kan tá à ń pè ní ìwé ìpàdánù, tá à ń kọ gbogbo pitch tá a pàdánù àti ìdí ẹ̀ sí, ibi tó ti kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti ohun tá a yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú un lò, kó gé èyí tí ò bá bá tíìmù tiẹ̀ mu dànù.

Irinṣẹ́: spreadsheet kan tí gbogbo wa lè ṣí, fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, aago tó ń ka ìṣẹ́jú, fódà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bébà lásán. A ò ra nǹkan kan. Wákàtí wa ló lọ síbẹ̀.

Ìpele 1: Kíkó èyí tó ti lọ jọ

A ṣí àwọn fódà àtijọ́, ohun tá a bá níbẹ̀ ni "final", "final tuntun", "final tó kẹ́yìn", "ẹ lo èyí". Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí nínú gbogbo wọn, àwọn míì tiẹ̀ ti di nǹkan míì torí a ti yọ slide lára wọn fi ṣe iṣẹ́ ẹlòmíì. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ohun tó ṣe tí ò bá tiẹ̀ mọ ohun tó gbé síwájú ẹni?

Àtúnṣe: gbàrà tá a bá ti fi nǹkan ránṣẹ́, a máa sọ ọ́ di PDF, a máa jù ú sínú fódà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OHUN TÍ WỌ́N RÍ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Orúkọ fáìlì máa ń fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, bíi 2025-03-14, torí bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà á tò wọ́n fúnra ẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló ń wọ fódà kọ̀ọ̀kan: brief (ìwé tí oníbàárà fi ṣàlàyé iṣẹ́ tó fẹ́) bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́, PDF yẹn, ìwé owó, àti íméèlì tí wọ́n fi sọ fún wa pé rárá.

Ẹ má fi ọjọ́ gígùn ṣòfò lórí àwọn ti àtijọ́. Ọ̀sán kan tó, èyí tí ẹ ò bá rí níbẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń bọ̀.

Ìpele 2: Kíka wákàtí

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ wákàtí tó lò lórí pitch sílẹ̀, títí kan ìgbà tá a jókòó tá à ń jiyàn lórí àwọ̀. Àwọn tó kù nínú tíìmù kọ́kọ́ kùn sí èyí, wọ́n ní ṣé mo ti di ọ̀gá sìvílì sáfẹ́ẹ̀ǹtì ni. Mo ní kí wọ́n kàn bá mi ṣe ìṣirò yìí:

Ká ní ẹni mẹ́rin lo wákàtí méjìlá-méjìlá lórí pitch kan, 48 nìyẹn. Ká ní nínú mẹ́rin tá a bá lọ, ọ̀kan là ń rí gbà. Iṣẹ́ kan tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ yẹn ló máa ru ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn 192. Tí iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ bá máa gba 300 wákàtí, 492 la máa ṣe ká tó gba owó 300. Tá a bá wá yọ méjì tí ò yẹ ká lọ rárá kúrò nínú mẹ́rin, ẹrù yẹn á já sí 96.

Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó tún kùn mọ́, dìsáínà wa ló tiẹ̀ ń rán mi létí.

Ìpele 3: Kíkọ kí èsì tó dé

Ibí ló jọ pé ó kéré, ṣùgbọ́n òun ló gbé gbogbo ìyókù ró. Tí èèyàn bá ti gbọ́ pé òun pàdánù, gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn á yí àwọ̀ padà lójú ẹ̀, á ní "mo mọ̀ látìgbà tí obìnrin yẹn ti wo aago". Kò mọ̀ o. Baruch Fischhoff tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti gbé ìwádìí jáde lórí èyí ní 1975: àwọn tí wọ́n ti sọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe parí fún máa ń rò pé àwọn ì bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Torí náà ohun tá a bá kọ lẹ́yìn tí èsì ti dé, ìtàn la kọ yẹn.

Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo ṣe kún fún ìbéèrè, ojú ewé bíi mélòó kan, kò sẹ́ni tó kọ ju apá òkè lọ, wọ́n kàn kọ orúkọ oníbàárà síbẹ̀ wọ́n bá tiwọn lọ. Mo gé e sí ìbéèrè márùn-ún lórí ojú ewé kan, kálukú ń kọ tiẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tá a jáde níbẹ̀, ká tó bára wa sọ̀rọ̀:

1. Ìbéèrè wo ni wọ́n bi wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ta ló bi í?
2. Slide wo ni wọ́n ti gbójú kúrò lára ẹ̀, tí wọ́n mú fóònù tàbí tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀?
3. Ta ni gbogbo wọn ń wò kí wọ́n tó dáhùn?
4. Kí la gbàgbé láti sọ?
5. Nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó lo rò pé ìrètí wa láti rí iṣẹ́ náà gbà jẹ́?

Ẹ má fi ìkarùn-ún ṣeré. Nígbà tá a to àwọn nọ́ńbà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ èsì, ó hàn pé ìdánilójú wa ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tí wọ́n yìn wá la máa ń fún ní 80, ẹ̀rín ò sì kì í ṣe kọ́ńtíráàtì. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń da ìbéèrè bò wá nípa ọjọ́ tá a máa parí iṣẹ́, ẹni tó máa dáhùn fóònù, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yí nǹkan padà lójijì, ibẹ̀ la máa ń jáde tá à ń gbọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ń wo bó ṣe máa bá wa ṣiṣẹ́ nìyẹn. À ń fọwọ́ wọn ibà, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìpele 4: Bíbéèrè ìdí lọ́wọ́ wọn

Lẹ́tà tá a kọ́kọ́ ń kọ lọ báyìí: "Ẹ ṣeun fún àǹfààní tẹ́ ẹ fún wa, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìmọ̀ràn kankan, ẹ jẹ́ ká gbọ́." Èsì tó ń wá ni pé gbogbo èèyàn ló ṣe dáadáa, ìpinnu náà le fún wọn, wọ́n á pè wá nígbà míì. Kò sí ohun tí èèyàn lè fi irú èsì yìí ṣe. Ìbéèrè tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló máa bí.

Àtúnṣe mẹ́rin ló ṣe é. Ìkíní, a ń dúró kí wọ́n ti bá ẹni tí wọ́n mú fọwọ́ síwèé tán, torí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹ̀rù á máa bà wọ́n pé ṣe la fẹ́ jà. Ìkejì, ìpè fóònù ìṣẹ́jú 15 la ń bẹ̀bẹ̀ fún, torí ohun tẹ́nì kan ò ní kọ sínú íméèlì, á fi ẹnu sọ ọ́. Ìkẹta, ẹni tí ò dúró sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ pitch ló ń pè. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀, torí náà ẹni tó ń kọ̀wé fún wa ló ń pè báyìí, ó ní sùúrù, ara ò sì ta á tí wọ́n bá ní fídíò ò dáa. Ìkẹrin, ìbéèrè tó ní ojú la ń bi:

"Nígbà tẹ́ ẹ jókòó láti mú ẹnì kan, kí lẹ kọ́kọ́ sọ nípa wa?"
"Ìgbà wo ló hàn sí yín pé kì í ṣe àwa?"
"Kí lẹ́ni tẹ́ ẹ mú ṣe tí a ò ṣe?"
"Tí a bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo lọ́nà míì, èwo ni?"

Òfin tó wà fún ẹni tó ń pè: kò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kò gbọ́dọ̀ gbèjà ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn tó lè sọ ò ju "ẹ ṣeun, ẹ túbọ̀ là á yé mi" lọ. Ní ìgbà tí òfin yìí ò tíì sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tá a fi yan àwọ̀ kan fún ọ̀gá kan, bó ṣe pa ìpè dé nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni ṣá.

Fún àwọn tó ń lọ bá ìjọba wá iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ nìkan lẹ lè bẹ̀ o. Nínú ìlànà ríra nǹkan ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní FAR, ẹni tó pàdánù lè kọ̀wé béèrè àlàyé láàárín ọjọ́ 3 tó gba ìwé pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, wọn ò fi dandan dá a lóhùn mọ́. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, fún àwọn kọ́ńtíráàtì tó tóbi, ó kéré tán ọjọ́ 10 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí ìgbà tí wọ́n á fọwọ́ síwèé, èsì yẹn sì gbọ́dọ̀ ní ìdí nínú. Ẹ wo òfin ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì kọ gbèdéke ọjọ́ yẹn sórí kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó lọ pitch rárá.

Ìpele 5: "Owó yín ló wọ́n"

Ìdí yìí làwọn oníbàárà sọ jù nínú ìwé wa, òun náà ló sì ṣì wá lọ́nà jù. Ó rọrùn fún oníbàárà láti sọ, torí kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tá a wá rí máàkì gba lọ́wọ́ àwọn tó ń fún èèyàn ní máàkì, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀. Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á pín 100 sí méjì, ká ní 70 fún iṣẹ́, 30 fún owó. Ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù á gba 30 pé. Tàwọn tó kù, wọ́n á mú owó tó kéré jù yẹn, wọ́n á fi owó tiyín pín in, wọ́n á wá sọ ọ́ di ọ̀nà 30.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà tó rọrùn. Ẹni tó gbà á béèrè 80, àwa béèrè 100. Máàkì owó tiẹ̀ jẹ́ 30, tiwa jẹ́ 80 ÷ 100 × 30, ìyẹn 24. Lórí iṣẹ́, ó gba 63 nínú 70, a gba 49. Àròpọ̀ tiẹ̀ 93, tiwa 73. Ká ní a já owó wa wálẹ̀ sí 80 bíi tiẹ̀, 79 la máa ní, ó ṣì fi 14 jù wá lọ. Ká tiẹ̀ ní orí wa yí tá a já a sí 64, àwa la máa wá gba 30, òun á gba 64 ÷ 80 × 30, ìyẹn 24, àròpọ̀ wa 79, tiẹ̀ 87. Ó ṣì gbà á!

Mo gbé ìṣirò yìí sójú pátákó. Ṣáájú ẹ̀, ohun tá a máa ń ṣe tí wọ́n bá ti ní owó wa wọ́n ni pé a máa já owó pitch tó tẹ̀ lé e wálẹ̀, tí a bá sì rí iṣẹ́ yẹn gbà, a máa ṣe é ní àdánù. Ní báyìí, tẹ́nì kan bá ní owó ló pa wá, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé, "tí owó wa àti tiwọn bá dọ́gba, ṣé àwa lẹ máa mú?" Ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé ìbéèrè yẹn ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ju ìdáhùn lọ.

Yàtọ̀ sí owó, a pín ìdí tó kù sí ìsọ̀rí: kò yẹ ká lọ rárá, a ṣi brief kà, ọgbọ́n tá a dá ò bá a mu, a sọ ọ́ burúkú nínú yàrá. Ìdí tí oníbàárà sọ ní òpó tiẹ̀, ìdí tí àwa rò ní òpó tiẹ̀. A ò pa wọ́n pọ̀, torí ìgbà míì àwa la jàre.

Ìpele 6: Ẹnu ọ̀nà

Ìsọ̀rí "kò yẹ ká lọ rárá" ló wúwo jù nígbà tá a tò wọ́n tán, ìyẹn ló sì ya gbogbo wa lẹ́nu, torí a ti ń rò pé slide la máa tún ṣe. Nítorí náà a ṣe fọ́ọ̀mù ẹnu ọ̀nà, ìbéèrè mẹ́fà, 0 sí 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Ṣé a mọ ẹni tó máa pinnu gan-an, ṣé ó sì máa wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n sọ iye owó tí wọ́n ní? Ṣé èèyàn tí wọ́n pè ò ju mẹ́rin lọ? Ṣé kò sí ẹni tó ń bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, tí inú wọn sì dùn sí? Ṣé a ti ṣe irú ẹ̀ rí tá a lè fi hàn? Ṣé wọn ò ní ká ṣe iṣẹ́ parí lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó mú wa?

12 ni gbogbo ẹ̀. Tí kò bá tó 7, a máa kọ lẹ́tà ọ̀wọ̀, a ò ní lọ. Lórí ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, AIGA, ẹgbẹ́ àwọn dìsáínà ní Amẹ́ríkà, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nípa iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí èèyàn ń ṣe nírètí pé wọ́n á gbé kọ́ńtíráàtì fún òun. Àwa ò fi dandan kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n 0 ni máàkì ẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yìí náà kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. A jókòó pọ̀, orúkọ oníbàárà dùn, ẹnì kan ní 2, gbogbo wa tẹ̀ lé e ní 2, ó di 10 nínú 12, nígbà tó jẹ́ pé a ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó máa pinnu. Àtúnṣe ẹ̀ ni pé kálukú ń kọ máàkì tiẹ̀ sórí bébà láì sọ̀rọ̀, a máa wá ṣí wọn pọ̀, ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré jù ló máa kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ẹni tó ń ya fídíò ló máa ń kéré jù. A kì í fẹ́ gbọ́ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, a máa ń ní ó ti ń sú u ni.

Ìpele 7: Inú yàrá

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀. Tí wọ́n bá fún wa ní 20 ìṣẹ́jú, 12 la ń sọ̀rọ̀, 8 jẹ́ ti ìbéèrè wọn. A gba ìdánrawò wa sílẹ̀ lórí fóònù, ohun tá a gbọ́ ni pé a lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àkókò fi sọ ìtàn ara wa kí orúkọ oníbàárà tó jáde lẹ́nu wa. Ìtàn wa ti wọ ẹ̀yìn pátápátá báyìí, slide kan ṣoṣo.

Fídíò kì í wá látorí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, ó wà lórí kọ̀ǹpútà àti lórí flash. PDF wà níbẹ̀ pẹ̀lú font nínú ẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì máa ń pààrọ̀ lẹ́tà èèyàn. Ohun tí wọ́n fi ń so wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà sójú tẹlifíṣọ̀n, mọ́ra, méjì.

Kó tó di ọjọ́ náà, a máa ń ṣe nǹkan kan tí Gary Klein, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ nípa ẹ̀ ní 2007 tó pè ní premortem: gbogbo wa á fojú inú wò ó pé a ti pàdánù ná, kálukú á kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ òótọ́ níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bú ẹnikẹ́ni, ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀ là ń sọ. Dìsáínà wa kọ nígbà kan pé, "wọ́n ní àwọn fẹ́ lógò tó ṣeé tẹ̀ sára aṣọ, a gbé èyí tó ní àwọ̀ mẹ́fà lọ." Òótọ́ ni, ó wà nínú brief, gbogbo wa ti kà á. A sáré dín in kù sí méjì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìpele 8: Bó ṣe wà báyìí

Pitch tá à ń lọ ti dín kù gan-an, wákàtí tó ń lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló pọ̀ sí i, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ṣì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. A ṣì ń pàdánù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìdí méjì àtijọ́ yẹn ò ṣeé sọ lásán mọ́ nínú ọ́fíìsì wa, ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní kó ṣí ìwé.

Ohun tá ò tíì tún ṣe: àwọn oníbàárà tí ò dáhùn rárá, tí wọn ò tiẹ̀ sọ fún èèyàn pé wọ́n ti mú ẹlòmíì. Ìpè méjì àti íméèlì kan la máa ń fi ṣe é, lẹ́yìn náà a máa kọ "kò dáhùn" síbẹ̀, a máa sì yọ 2 lára máàkì ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá tún pè wá. Èkejì ni àlòkù, àwọn ọgbọ́n tí wọn ò mú. A ń tọ́jú wọn sínú fódà kan, ṣùgbọ́n a máa ń fọ gbogbo ohun tó jẹ́ àṣírí oníbàárà kúrò lára wọn, a sì máa ń kọ́kọ́ ka ìwé tá a fọwọ́ sí, torí àwọn kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé wá ti di tàwọn, bóyá wọ́n mú yín o, bóyá wọn ò mú yín. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ sọ di ìbéèrè keje sẹ́nu ọ̀nà, a ò tíì fẹnu kò lórí iye máàkì tó máa gbé.